Fọ́tò Kan Tí Kò Ní Orúkọ: Bí Mo Ṣe Dé Ààfin Déjì

Fọ́tò kan ló gbé mi dé Àkúrẹ́, dé ààfin Déjì, ọba ìlú náà. Ìyá tó bí ìyá mi ló ni ín. Nísàlẹ̀ àpótí aṣọ wọn la ti rí i, wọ́n fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé e, òórùn káńfọ̀ sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ọkùnrin kan dúró níwájú òpó igi tí wọ́n gbẹ́ ère sí. Ó dé fìlà, ó da aṣọ òfì bora, kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn fọ́tò náà, ẹnì kan fi yíǹkì kọ ọ́ pé "Ààfin, 1951". Kò kọ orúkọ ẹni tó dúró.

Màmá àgbà ti lọ kí n tó rí i. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n ní, "Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ni, àmọ́ mi ò mọ èwo." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ọdún mélòó ni mo fi ń jókòó ti Màmá àgbà lọ́dọọdún Kérésì, tí mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ohun tó wà nínú àpótí yẹn?

Fọ́tò mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ti bàjẹ́ báyìí. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan kí wọ́n bá mi fi rọ́bà bò ó kí omi má baà kàn án, ooru ẹ̀rọ náà sì mú un, ojú ẹni inú rẹ̀ dúdú mọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní láíbúrérì ló wá là mí lóye lẹ́yìn tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó ní a kì í fi rọ́bà bo fọ́tò àtijọ́, nítorí ohun tí iná bá ti lẹ̀ mọ́ ọn kò ṣeé bó kúrò mọ́. A kì í fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Tí èèyàn bá fẹ́ kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀, pẹ́ńsù ni kó lò, torí yíǹkì máa ń rìn wọ inú pépà títí yóò fi yọ síwájú. Mo yí fọ́tò bàbá aláṣọ òfì náà padà, mo rí i pé "1951" náà ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ létí fìlà rẹ̀.

Ìbàdàn ni mo ń gbé, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí wà, ibẹ̀ sì ni àwọn ìwé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa Ondo Province wà. Àkúrẹ́ ni olú-ìlú ẹkùn yẹn láti 1915, Èkìtì sì wà lára rẹ̀. A ṣì jọ wà pọ̀ nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, ọdún 1996 ni Èkìtì tó dá dúró. Mo lo ọjọ́ kan gbáko níbẹ̀: ẹjọ́ ilẹ̀, owó orí, lẹ́tà lọ, lẹ́tà bọ̀. Mi ò rí bàbá mi aláṣọ òfì. Ohun tí mo rí ni orúkọ tí wọ́n kọ bí etí àlejò ṣe gbọ́ ọ. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ìgbà tí mo pè é sókè lẹ́ẹ̀mẹta ni mo tó mọ̀ pé orúkọ Yorùbá ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo wọ ọkọ̀ ní Ìwó Road. Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tí a dé agbègbè Ìgbàrà-Òkè, mo yọrí lójú fèrèsé bí ẹni ń wá nǹkan, nítorí pé Ìsàrun kò jìnnà síbẹ̀, nínú igbó lọ́hùn-ún sì ni ihò àpáta kan wà tí gbogbo àgbáyé ń kà nípa rẹ̀. Ní 1965, awalẹ̀pìtàn kan tó ń jẹ́ Thurstan Shaw àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n bá egungun èèyàn tó ti lé ní 11,000 ọdún. Ní 2011 àwọn onímọ̀ tún agbárí náà wọ̀n, wọ́n ní ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn èèyàn tó ti wà láyé ṣáájú ìgbà náà gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé láti ìgbà náà: "Iwo Eleru". Ìwo wo? Ìwo màlúù ni àbí ìwo ìgalà? Ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé Ihò Eléérú ni, ihò tí eérú wà nínú rẹ̀. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí àṣìkọ yẹn fi ń rìn káàkiri ayé, kó tó di pé àwọn onímọ̀ ẹnu àìpẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Àgbẹ̀ tó ń gbin kòkó lẹ́bàá ihò náà ì bá ti tún un ṣe fún wọn lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ká ní wọ́n bi í.

Alẹ́ ti lẹ́ kí n tó dé Àkúrẹ́. Mo jẹ iyán, mo sùn.

Ààfin àtijọ́ wà láàárín ìlú, kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Ìtàn ìlú sọ pé nǹkan bí ọdún 1150 ni wọ́n ti kọ́ ọ, ìjọba àpapọ̀ sì kà á mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1990. Mo dọ̀bálẹ̀ kí bàbá àgbà kan tó jókòó sí ibi àbáwọlé.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, Bàbá. Ìyá tó bí ìyá mi, Òkè Àró ni wọ́n ti wá."

"Ọmọ wa ni. Bọ́ sínú uà."

Uà. Ọ̀rọ̀ yẹn dá mi dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ èdè wa, àgbàlá inú ilé ni uà, ibi tí ilé yí ká tí ojú ọ̀run sì hàn láàárín, tí omi òjò ń dà sí. Yorùbá inú ìwé kì í fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àmọ́ ní Àkúrẹ́, ulé ni ilé, uṣu ni iṣu. Lẹ́nu Màmá àgbà ni mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ní iléèwé, wọ́n kọ́ wa pé àṣìsọ ni.

Uà tó wà nínú ààfin yìí lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìkọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Uà Ùbúrà wà fún ìbúra nìkan. Uà Ìkómọ wà fún ìsọmọlórúkọ. Uà Ọ̀júkòtò wà, Uà Agbétò wà. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni Uà Jẹ́mifọhùn. Bàbá pè é, mo ní kí wọ́n tún un pè. Jẹ́ mi fọhùn. Mo dúró síbẹ̀, mo ń ro ti ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fọhùn, mo sì ń ro ohun tó fẹ́ sọ. Bí gbogbo ògiri ibẹ̀ bá wó lọ́la, tí orúkọ wọ̀nyí bá ṣì wà lẹ́nu èèyàn, a óò ṣì mọ bí ìlú yìí ṣe ń ṣe ìdájọ́, bí ó ṣe ń kó ọmọ jáde, ibi tó ti ń múni búra. Bí orúkọ bá kọ́kọ́ lọ, yàrá amọ̀ lásán ló kù.

Bàbá ò pa mọ́ fún mi pé òjò ló ń bà wọ́n lẹ́rù jù. Ògiri amọ̀ lè lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún bí orí rẹ̀ bá bò, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ. Tí òrùlé bá ti jò níbì kan, omi á máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ògiri láìsí ẹni tó mọ̀, títí ọjọ́ tí yóò fi ya lulẹ̀.

Mo mú fọ́tò jáde. Ní 1951, Ọba Adésídà Kìn-ín-ní ló wà lórí oyè, wọ́n jọba láti 1897 títí di 1957. Bàbá tó jókòó sí ibi àbáwọlé sì ti wà láyé nígbà náà. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n pe bàbá mìíràn.

"Uà Ìkómọ rè é," Bàbá àkọ́kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. "Wo bí òrùlé yẹn ṣe bọ̀ sílẹ̀."

"Rárá o," Bàbá kejì dáhùn. "Ta ni yóò da òfì bora ní Ìkómọ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìkómọ?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé kì í ṣe ọjọ́ ìkómọ?"

Bàbá kejì yí fọ́tò padà, wọ́n fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ààfin ni wọ́n kọ. Wọn ò kọ ààfin ibo. Òpó yìí, mi ò rí irú rẹ̀ níbí rí."

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, mo gba ohùn àwọn méjèèjì sílẹ̀ sórí fóònù. Wákàtí kan ó lé ni wọ́n fi jiyàn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ òpó yẹn ló mú mi rántí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, agbẹ́gilére tó kú ní 1938, tó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún àwọn ọba agbègbè wa. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley ní 1924, British Museum ní àwọn fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí Ọlọ́wẹ̀ kú, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láyé. Màmá yẹn kí oríkì ọkọ wọn fún àwọn onímọ̀ tó wá bẹ̀ wọ́n wò. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti dé òkè òkun, àmọ́ inú ilé ló kù sí tí a bá ń wá ẹni tó lè pè é bí wọ́n ṣe ń pè é nígbà ayé rẹ̀. Ká ní àwọn onímọ̀ náà pẹ́ díẹ̀ sí i kí wọ́n tó lọ ńkọ́?

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Ìdànrè nítorí òpó yẹn. Mo gun àtẹ̀gùn ọgọ́rọ̀ọ̀rún dé òkè, níbi tí ìlú náà wà kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní 1923. Láàfin Ọwá àtijọ́, mo fi fọ́tò wé àwọn òpó ibẹ̀. Kò sí èyí tó jọ ọ́ tán. Ìgbà tí mo jókòó sórí àpáta ni mo tó rò ó pé wọ́n ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kí wọ́n tó ya fọ́tò mi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé fọ́tò sórí bébà funfun, mo mú pẹ́ńsù, mo rọra kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀, nísàlẹ̀ yíǹkì àtijọ́: ọjọ́ tí mo lọ, ohun tí Bàbá àkọ́kọ́ sọ, ohun tí Bàbá kejì sọ, àti pé ọ̀rọ̀ wọn kò papọ̀. Mo fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ.

Lẹ́yìn náà mo fi ohùn àwọn bàbá méjèèjì ránṣẹ́ sí ìyá mi lórí WhatsApp. Wọ́n pè mí kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Wọn ò tilẹ̀ bi mí nípa fọ́tò. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ "uà" lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ láti ọjọ́ tí ìyá àwọn ti lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa uà tó wà nílé wọn l'Ókè Àró, ibi tí wọ́n máa ń gbé ìkòkò sí tí òjò bá ti ṣú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì," mo ní, "ẹ dúró díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gba ohùn yín sílẹ̀."