Igi kọfí tí èso ẹ̀ dúdú

Sátidé, alẹ́. Òní ò ní ìtàn kankan nínú, mi ò jáde, mo kàn ń kàwé kiri títí mo fi kan igi kan tó ń jẹ́ Coffea stenophylla, látìgbà yẹn ni ò ti kúrò lọ́kàn mi, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ síbí kí n tó sùn.

Kọfí ni o, àmọ́ kì í ṣe èyí tá a mọ̀. Arabica àti robusta, àwọn méjì yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo kọfí táráyé ń mu, bẹ́ẹ̀ oríṣi igi kọfí tó wà nínú igbó ju 120 lọ, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sì wà nínú ewu pé wọ́n lè kú tán. Stenophylla wà lára wọn. Igbó orí òkè ní Sierra Leone, Guinea àti Ivory Coast ni ilé ẹ̀.

Igi kékeré ni, abẹ́ òjìji àwọn igi ńlá ló ń gbé. Ewé ẹ̀ tín-ín-rín, ó ṣe ṣóńṣó lẹ́nu, tẹ́ ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé robusta tó fẹ̀ dáadáa ẹ ò ní gbà pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Méjì méjì lewé náà máa ń yọ, kan lọ́tùn-ún kan lósì, tẹ́ ẹ bá wá wo àárín ibi táwọn méjèèjì ti so mọ́ ẹ̀ka, ẹ máa rí awọ kékeré onígun mẹ́ta kan tó lẹ̀ mọ́bẹ̀. Ẹni tó bá mọ òruwó dáadáa á ti rí irú ẹ̀ rí, torí mọ̀lẹ́bí ni òruwó àti kọfí, ọ̀pẹ̀pẹ̀ náà wà níbẹ̀. Òdòdó ẹ̀ funfun, ó ń ta sánsán. Àmọ́ èso ẹ̀ gan-an ló mú mi lójú, torí èso kọfí tá a mọ̀ máa ń pọ́n ni, tiẹ̀ tó bá ti gbó ṣe ló máa dúdú, dúdú tó ń fà sí àwọ̀ àlùkò.

Láyé ọjọ́un wọ́n ń gbìn ín ní Sierra Leone, wọ́n ń kó o lọ tà nílẹ̀ òyìnbó, àwọn tó mu ún nígbà yẹn sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dùn. Ìgbà tí robusta dé ló bàjẹ́. Robusta ń so bí ẹni tí wọ́n háyà, làwọn àgbẹ̀ bá yà síbẹ̀, mi ò bá wọn wí o, ẹni tó ń wá owó ilé-ìwé ọmọ ò ní máa ṣàánú igi. Lẹ́yìn 1954 kò sẹ́ni tó tún fojú kàn án nínú igbó Sierra Leone mọ́, igbó ọ̀hún fúnra ẹ̀ sì ń tán lọ, wọ́n ń gégi, wọ́n ń dáko, wọ́n ń wa kùsà.

2018 ni Aaron Davis, onímọ̀ ewéko láti Kew, ọgbà ewéko ńlá tó wà ní London, Jeremy Haggar láti Yunifásítì Greenwich, àti Daniel Sarmu tó mọ̀ nípa kọfí ní Sierra Leone níbẹ̀, wá wọgbó lọ wá a. Ní òkè Kasewe wọ́n rí ẹyọ kan. Ẹyọ kan ṣoṣo! Ẹ ò tíì lè jó o, torí stenophylla kì í gba lẹ́búlẹ́bú òdòdó ara ẹ̀, àfi kó rí ti igi míì, tó bá dá wà kò lè so èso tó ní kóró nínú, ó kàn máa dúró síbẹ̀ ni títí á fi kú. Wọ́n bá tún kọjá sí òkè Kambui lápá ìlà-oòrùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá rí ọ̀pọ̀ ẹ̀.

Ìdánwò adùn tí wọ́n ṣe fún un ní Montpellier nílẹ̀ Faransé lọ́dún 2020 pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n bu kọfí fáwọn tó mọ kọfí tọ́ wò láì sọ èyí tó jẹ́, ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé arabica ni stenophylla. Wọ́n fi ojúlówó arabica méjì sáàárín ẹ̀, wọ́n dá ọ̀kan mọ̀ dáadáa, èkejì, ìdá 44 péré ló gbà pé arabica ni! Àwọn tó mọ kọfí náà nìyẹn o.

Ooru ló fà á tí wọ́n fi ń wá a kiri. Ojú ọjọ́ ń gbóná, arabica ò fẹ́ràn ooru, stenophylla wá ń gbé níbi tí ooru ọdọọdún jẹ́ nǹkan bíi 24.9°C, ìyẹn fi bíi dígírí 6 ju ti arabica lọ, síbẹ̀ adùn ẹ̀ ò yàtọ̀. Inú mi dùn pé wọ́n rí i, àmọ́ inú tún ń bí mi díẹ̀, torí ká ní kò dùn lẹ́nu ni, ta ló máa gun òkè Kambui tìtorí ẹ̀? Igi tí ò ṣeé mu, tí ò ṣeé jẹ pọ̀ nínú igbó kan náà yẹn, abẹ́ àáké kan náà ni gbogbo wọn wà.

Wọ́n ti ń gbìn ín padà ní Sierra Leone báyìí. Tówó bá wọlé lórí ẹ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn ará abúlé tó wà létí igbó yẹn ni kó kọ́kọ́ kàn, kì í ṣe àwọn tó ń dì í sínú ọ̀rá aláràbarà lókè òkun, torí àwọn ará abúlé yẹn ló mọ ibi tí èyí tó kù wà, ọwọ́ wọn náà sì ni àáké wà.