Kérésìmesì ní Ìlú Tí Ọkọ̀ Kì Í Rìn

Ìbàdàn, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025

Òní ló ku oṣù mẹ́ta géérégé kí èmi àti ìdílé mi wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, bí Olúwa bá fẹ́, nítorí náà òní ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí òfin Ìlú Ọba gbà wá láyè láti kọ̀wé béèrè fún físà àbẹ̀wò. Mo ti jí láti aago márùn-ún ìdájí, mo sì ti tan kọ̀ǹpútà kí iná tó lọ. Mo kọ orúkọ, mo kọ nọ́ńbà ìwé ìrìnnà, mo kọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe àti iye tó ń wọlé fún mi lóṣù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè àdírẹ́sì ilé tí a máa dé sí, ọwọ́ mi dúró.

Àwa mẹ́fà ni à ń lọ: ọkọ mi, èmi, àwọn ọmọ wa mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 13, 9 àti 6, àti Màmá, ìyá ọkọ mi, tí wọ́n pé ẹni ọdún 74 lóṣù tó kọjá. Àbúrò mi ọkùnrin tí ń gbé ní Peckham, àdúgbò kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ló ní kí a wá ṣọdún lọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n yàrá méjì péré ni ilé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ; a kò lè rọ́ lọ bá wọn bí ẹni tí ń sá ogun. Ọkọ mi ti rí hòtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí Hyde Park, níbi tí ènìyàn ti lè dúró lójú fèrèsé wo iná Winter Wonderland, ibi ìgbafẹ́ Kérésìmesì tí wọ́n máa ń ṣe nínú ọgbà náà, ó sì ní òun kò mọ ìdí tí ènìyàn fi ń ná owó tó tó báyìí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù bí kò bá ní sùn sí àárín ìlú gan-an. N kò bá a jiyàn pé hòtẹ́ẹ̀lì náà dára. Ohun tí ó máa ń gbàgbé ni ohun tí ojú mi rí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2016.

Lọ́dún náà, iṣẹ́ rán mi lọ gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ oṣù mẹ́ta, Kérésìmesì sì bá mi níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ 25, mo wọ àǹkárá tuntun, mo gbé kóòtù lé e lórí, mo sì jáde láti lọ jẹun lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Woolwich. Ilẹ̀kùn irin ibùdó ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ wà ní títì. Mo rò pé ibẹ̀ nìkan ni, mo bá lọ dúró de bọ́ọ̀sì. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí obìnrin kan tí ń mú ajá rẹ̀ rìn tó dúró tì mí, tí ó sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún mi pé lọ́jọ́ Kérésìmesì, kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, kò sí ọkọ̀ ojú irin kankan títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, àti pé lọ́jọ́ kejì náà, díẹ̀ ni yóò rìn. Takisí wà, ṣùgbọ́n iye tí awakọ̀ kan pè fún mi ju owó oúnjẹ mi fún ọ̀sẹ̀ kan lọ. Mo padà sí yàrá mi, mo fi tíì àti bísíkíìtì ṣọdún. Kì í ṣe ebi ló dùn mí jù. Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ìbàdàn mọ Kérésìmesì sí ọjọ́ tí gbogbo ẹsẹ̀ ń rìn: abọ́ ìrẹsì ń ti ilé dé ilé, àwọn ọmọdé wọ aṣọ tuntun pẹ̀lú awò ojú dúdú, wọ́n ń kí gbogbo ará àdúgbò kí wọ́n lè rí owó gbà, awakọ̀ Máíkírà kò sì ráyè jẹun. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọjọ́ yẹn bà mí lẹ́rù. Ó dà bí ìgbà tí Orò bá jáde ní ìlú kan, tí kò sì sí ẹni tó ta àlejò lólobó.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọjọ́ 25 ni mo kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ nínú ètò yìí, tí mo wá ń to àwọn ọjọ́ yòókù yí i ká. Lọ́jọ́ yẹn, ibi tí ẹsẹ̀ Màmá bá lè gbé wọn dé ni gbogbo Lọ́ńdọ̀nù tiwa. Àwọn fúnra wọn kò béèrè nípa iná tàbí ọjà. Nígbà tí mo ń ka ètò náà fún wọn lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n jẹ́ kí n parí, wọ́n wá ní, "Ìyàwó mi, o ṣé o. Ṣọ́ọ̀ṣì wo la máa lọ lọ́jọ́ Kérésìmesì?" Ọkọ mi yára dáhùn pé ìsìn wà ní Westminster Abbey àti ní St Paul's, àti pé wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wá jọ́sìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti Hyde Park, èwo nínú méjèèjì ni Màmá fẹ́ fi orúnkún òsì yẹn rìn dé nínú òtútù? Àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan wà ní òpópónà kejì sí tòun, àwọn ọmọ Yorùbá sì pọ̀ nínú ìjọ náà.

Ó tún ti bá wa wá ilé kan tí wọ́n ń yá àlejò fún ìgbà díẹ̀, yàrá mẹ́ta, ní ìsàlẹ̀, tí kò ní àtẹ̀gùn. Láti ibẹ̀ sí ilé tirẹ̀, ó ní ìrìn ìṣẹ́jú 12 ni, ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lójú ọ̀nà. Owó ilé náà fún ọ̀sẹ̀ méjì kò tó owó tí yàrá mẹ́ta ní hòtẹ́ẹ̀lì máa gbà fún ọjọ́ mẹ́fà. Rye Lane kò jìnnà síbẹ̀, níbi tí iṣu, ata rodo, ẹ̀fọ́ àti pọ̀nmọ́ ti wà lórí àtẹ, tí ènìyàn sì lè fi Yorùbá ná ọjà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ 23 la máa parí ọjà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìsọ̀ máa ń tètè ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ 24. Àwọn ọmọ fẹ́ tọ̀lótọ̀ló. Màmá ní ẹran tọ̀lótọ̀ló máa ń gbẹ lẹ́nu, adìyẹ ni àwọn fẹ́. A máa se méjèèjì.

Síbẹ̀, ohun tó yí ọkọ mi lọ́kàn padà lálẹ́ àná kì í ṣe owó. Bọ́ọ̀sì 12 ni. Ó ń gba Peckham kọjá, ó ń la Westminster lọ sí Trafalgar Square títí dé Oxford Circus, bí ènìyàn bá sì rí àyè jókòó síwájú pátápátá ní àjà òkè, kò sí fèrèsé hòtẹ́ẹ̀lì tó lè fi iná Regent Street hàn án jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oòrùn ń wọ̀ níbẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù nígbà Kérésìmesì, nítorí náà a lè wọ bọ́ọ̀sì ní aago mẹ́ta ààbọ̀, kí a wo iná tẹ́rùn, kí Màmá sì ti wà nílé kí aago mẹ́jọ tó lù. Àwọn ọmọ méjì tí kò tíì pé ọdún 11 kò ní san kọ́bọ̀. A máa sọ̀ kalẹ̀ ní Trafalgar Square láti wo igi Kérésìmesì tí àwọn ará Oslo ní Norway ń fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún láti 1947, gẹ́gẹ́ bí ìdúpẹ́ fún ìrànlọ́wọ́ tí Ìlú Ọba ṣe fún wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Mo fẹ́ràn ìdúpẹ́ tí ọdún 78 kò mú un rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 22, ni mo fi sí British Museum, nítorí pé wọ́n máa ń ti ibẹ̀ láti ọjọ́ 24 sí ọjọ́ 26. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí orí idẹ Ifẹ̀. Lọ́dún 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, ni wọ́n bá àwọn orí náà pàdé nínú ilẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ló sì dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ mi àárín ronú sí i fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ṣé a máa sanwó kí a tó rí orí tiwa?" Mo ní rárá, ọ̀fẹ́ ni. Ó ní, "Owó físà ńkọ́?"

N kò rí èsì fún un. Ọmọ ọdún mẹ́fà ń san iye kan náà pẹ̀lú àgbàlagbà, wọn kì í sì í dá owó náà padà bí wọ́n bá kọ̀ fún ènìyàn, ìdí nìyẹn tí a kò fi tíì san owó ọkọ̀ òfurufú. Ẹni tó ń bá wa ṣètò tíkẹ́ẹ̀tì ní kí ẹ̀rù má bà mí pé àyè á tán: nínú oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun ló ń ya wọ Èkó, àwa yóò máa lọ nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀, a ó sì máa bọ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kíní nígbà tí wọ́n bá ń padà lọ.

Ó wá ku ìṣẹ́jú 12 yẹn. Ẹni ọdún 35 ni àbúrò mi, ó ga, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìṣẹ́jú 12 rẹ̀ lè di ìdajì wákàtí fún Màmá. Mo fi fọ́ọ̀mù náà pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà láìkọ àdírẹ́sì kankan. Láti ṣọ́ọ̀ṣì wa dé ilé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà kan, èyí tí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti Peckham bí mo ṣe wò ó lórí àwòrán ilẹ̀. Mo ti sọ fún Màmá pé lọ́la, lẹ́yìn ìsìn, mo fẹ́ kí a jọ fẹsẹ̀ rìn délé. Wọn kò béèrè ìdí. Wọ́n kàn ní kí n bá àwọn wá bàtà pẹlẹbẹ àwọn jáde.