Ẹ ka ewé rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá fẹ́ máa ra ìwé atúmọ̀ èdè òfin àtijọ́, kó kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ka ewé rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni mò ń sọ o. Ewé ìwé fúnra rẹ̀ ni, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka owó. Ọ̀ọ́dúnrún póùn ló ná mi kí n tó mọ̀ ọ́n.

Lọ́yà ni mí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ kan tí bàbá mi, tí àwọn náà jẹ́ lọ́yà n'Íbàdàn, máa ń lò nínú ẹjọ́ ilẹ̀ ló fà mí sídìí ìwé wọ̀nyí: laches. Bí ẹbí kan bá ń wo ẹni tó ń kọ́lé sórí ilẹ̀ wọn, tí wọn ò wí nǹkan kan, tí wọ́n wá gba kóòtù lọ lẹ́yìn ogún ọdún, laches ni ẹnìkejì yóò gbé kò wọ́n lójú. Èdè Faransé àtijọ́ tí àwọn amòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò ló ti wá. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni John Rastell túmọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè òfin tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 1520 sí 1530.

Owó mi ò lè ká ti Rastell. Ti Giles Jacob, tó kọ́kọ́ jáde ní 1729, ni mo dójú lé, torí wọ́n tẹ̀ ẹ́ léraléra, ẹ̀dà rẹ̀ ṣì ń bọ́ sọ́jà. Mo rí ọ̀kan lọ́wọ́ òǹtàwé kan tó ní kò sí ohun tó dín nínú rẹ̀. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ dán, mo sanwó. Ọjọ́ kẹta ni mo wá "mortgage" nínú rẹ̀ tí n kò rí i.

Ìwé náà kò ní nọ́ńbà ojú ìwé rárá. Ìsàlẹ̀ ojú ìwé ni kí ẹ máa wò. Lẹ́tà kan máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń to ewé tẹ̀lé ara wọn, láti A dé Z, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ Aa. Ẹ má fòyà bí ẹ ò bá rí J tàbí W. Lẹ́tà 23 ni àwọn atẹ̀wé ń lò fún un: ọ̀kan ni I àti J, ọ̀kan ni U àti V, W kò sí níbẹ̀. Lápá ọ̀tún, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dá dúró. Ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kí ojú ìwé tó kàn fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá bára mu, ó ṣeé ṣe kí ewé ti já. Ewé mẹ́rin ló já nínú tèmi.

Ẹ wo ọdún pẹ̀lú. Ìwé John Cowell jáde ní Cambridge ní 1607. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọba ga ju òfin lọ, inú bí àwọn aṣòfin, ìtumọ̀ tó fún "King", "Parliament", "Prerogative" àti "Subsidy" ni wọ́n gbé yẹ̀ wò jù. Ní 1610, Ọba James Kìíní fúnra rẹ̀ fòfin de ìwé náà, ó ní kí àwọn tó ní in kó o wá. Wọ́n tún un tẹ̀ ní 1637, nítorí náà, ẹni tó bá ń ta ti 1637 kò gbọ́dọ̀ gba owó 1607 lọ́wọ́ yín. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ti Henry Campbell Black, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1891, ni mo máa ń ní kó wá. Ó ní nọ́ńbà ojú ìwé, kò sì le láti yẹ̀ wò.

Awọ ìwé àtijọ́ a máa gbẹ, a máa di ẹ̀tù pupa síni lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òróró pa á. Òróró a máa wọ inú bébà lọ, a sì dọ̀tí rẹ̀ títí ayé. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ nù ún gbẹ, ìyẹn tó.

N kò dá Jacob mi padà. Mo bẹ ilé ìkàwé kan, wọ́n ya àwòrán ewé mẹ́rin yẹn fún mi látinú ẹ̀dà tiwọn. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lásán, mo kọ ọ́ sí i pé àfikún ni, mo fi sí àyè rẹ̀ láìlẹ̀ ẹ́. "Mortgage" wà lórí ewé kejì.