Lórí afárá Third Mainland láàárọ̀ Ajé

Dáńfó wa ti kúrò ní Ọ̀wọ́rọ̀, à ń lọ sí Ọbáléńdé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wá mú wa mọ́ orí afárá. Omi ọ̀sà lọ́tùn-ún, omi ọ̀sà lósì. Lójijì ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, òógùn bò mí, ìka ọwọ́ mi wá ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú wọn. Mo rò pé ikú ti dé nìyẹn.

Ìyá kan tí wọ́n jókòó tì mí bá dì mí lọ́wọ́ mú. "Ọmọ mi, rọra mí. Fà á símú, kí o sì tú u jáde lẹ́nu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Jẹ́ ká jọ máa kà á." Ení dé ẹ̀rin bí mo bá fà á sínú, ení dé ẹ̀fà bí mo bá ń tú u jáde. Ká tó dé Adéníji, ara mi ti ń balẹ̀.

Mo lọ rí dókítà, torí àyà kì í ṣe ohun tá a fi ń ṣeré. Wọ́n yẹ ọkàn mi wò, kò sí àrùn níbẹ̀. Àníyàn ni. Wọ́n ní ara ló rò pé ewu wà, ló bá tú adrenaline, èròjà tó ń mú kí ọkàn sáré, sínú ẹ̀jẹ̀. Mo wá ń mí yára jù, carbon dioxide (afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta) inú ẹ̀jẹ̀ dín kù, òun ló ń rìn mí níka.

Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń dá ru ọ̀rọ̀ owó ilé. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi báyìí.

Mi ò bi ìyá yẹn lórúkọ. Ẹ ṣé, mà.