Àwòrán Wo Ló Yẹ Kó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀rọ̀ Nínú Mẹ́nù?

Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn oníṣòwò Àbújá ṣètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò ọjà, kò sí ohun tí ó ń ká mi lára tó mẹ́nù, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí a ń yàn lójú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n to àwòrán kéékèèké sí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èrò tèmi ni pé ohun tí ó yẹ kí ojú tètè rí nìkan ni kí á fi àwòrán sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí á má sì torí àwòrán yọ ọ̀rọ̀ kúrò.

Ní ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tí ó ń ta irin àti símẹ́ǹtì ní ọjà Dei-Dei, mo rí mẹ́nù kan tí ó fi àwòrán pẹ́ńsùlù kan náà sí ẹ̀gbẹ́ rìsíìtì kíkọ, iye owó yíyípadà àti àtúnṣe orúkọ oníbàárà. Ìyá náà, tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nàka sí ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Ọmọ mi, pẹ́ńsùlù mẹ́ta rèé, èwo ni ti rìsíìtì?” Àwọn kan máa ń sọ pé àwòrán ni yóò gba irú ìyá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Òótọ́ ni, bí ohun tí à ń sọ bá ní ìrísí, bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí àgádágodo. Ṣùgbọ́n àwòrán wo ni a óò yà fún fífi ìwé ọjà wé ìwé báńkì? Ohun tí ìyá yẹn nílò jù ni mẹ́nù tí ó ń sọ Yorùbá, kí ọmọkùnrin Hausa tí ó ń bá a tajà náà sì lè yí i sí Hausa.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́. Ní ọdún 2009, àwọn tí ó ń ṣe GNOME, ètò tí ó ń gbé fèrèsé àti mẹ́nù jáde lójú kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux, yọ ọ̀pọ̀ àwòrán kúrò nínú mẹ́nù wọn. Ní ọdún 2025, Apple ṣe òdìkejì rẹ̀ nínú macOS Tahoe, ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà Mac: wọ́n fi àwòrán kún mẹ́nù. Ti GNOME ni mo fara mọ́, nítorí ìyàtọ̀ ni ojú ń wá: bí gbogbo ìlà bá ti ní àwòrán, kò sí èyí tí ó yọ láàrin wọn mọ́. Floppy disk pàápàá, pẹlẹbẹ tí a fi ń tọ́jú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà láyé àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò fojú rí rí, di àmì ìfipamọ́ nítorí pé àwòrán rẹ̀ kò yí padà láti ọ̀pọ̀ ọdún wá.

Nínú mẹ́nù ìyá oníṣòwò yẹn, ìtẹ̀wé àti ìparẹ́ nìkan ni èmi yóò fi àwòrán sí, èyí kejì nítorí ewu tí ó wà nínú rẹ̀. Máa fi àyè kan náà sílẹ̀ níwájú àwọn ìlà yòókù, kí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gbogbo lè wà lójú kan. Máa sì rí i pé ẹ̀rọ tí ń kàwé fún afọ́jú fo àwòrán náà, kí ó má baà pe ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì.