Nan, Donna, àti ìyá àgbà mi ní Bermondsey

Ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 ni mo dé Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Ìbàdàn fún ọdún mẹ́ta, nítorí náà n kò fi ti èdè ṣe ẹ̀rù rárá. Òtútù ni mò ń bẹ̀rù, àti owó ilé. Ní ọjọ́ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, èyí tí gbogbo wa ń pè ní iṣẹ́ care, mo dúró níwájú ìyá àgbà kan ní Bermondsey. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ó tún fi ọwọ́ nà sí ilé ìdáná. Nínú gbogbo rẹ̀, "tea" nìkan ni mo gbọ́. Mo lọ gbé omi kaná. Nígbà tí mo ń padà sí Peckham nínú bọ́ọ̀sì, omijé ń bọ́ lójú mi.

Obìnrin tó la etí mi, n kò bá a pàdé rí. Catherine Tate ni orúkọ rẹ̀, òṣèré àti aláwàdà, ìyá àgbà yẹn ló sì fi í hàn mí. Ó ní eré rẹ̀ lórí DVD, òun ni yóò ní kí n fi sí i kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpara pa á lẹ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 péré ni àjẹ́ńsì tí mò ń bá ṣiṣẹ́ fún wa lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: wẹ̀ ẹ́, fún un lóògùn, fún un lóúnjẹ, kọ ọ́ sínú ìwé, máa lọ. Inú ìṣẹ́jú 30 yẹn ni mo ti kọ́ bí Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń sọ̀rọ̀.

Nan ni mo kọ́kọ́ rí, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn tí Catherine Tate ń ṣe nínú eré náà. Ìyá arúgbó tó jókòó sórí àga nínú fúláàtì rẹ̀, tí Jamie ọmọ ọmọ rẹ̀ wá kí. Mathew Horne ló ṣe Jamie. Àlejò kan á wọlé, Nan á kí i, á yìn ín, á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí irú rẹ̀ mọ́. Kí ilẹ̀kùn tó padé dáadáa, èébú ti dé. Èébú gidi, tí n kò lè kọ síbí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, ara mi bù máṣọ, nítorí pé níbi tí mo ti wá, àgbàlagbà kì í la ẹnu bẹ́ẹ̀ níwájú ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìyá àgbà tèmi ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kún òpópónà tí wọ́n ti bí òun, ọ̀kan nínú wọn sì ni àbúrò ìyá òun.

Nígbà tó yá ni mo rí i pé ohun tí Nan ń ṣe ní orúkọ lédè wa. Ojú ayé ni. Ọ̀rọ̀ tó dà bí oyin lójú ẹni, tí ó sì di nǹkan mìíràn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ti rò pé àwa nìkan la mọ̀ ọ́n. Ìyẹn yí bí mo ṣe ń gbọ́ àwọn ènìyàn padà. Bí ọmọ oníbàárà kan bá sọ pé iṣẹ́ mi dára, "lovely", n kì í fò sókè mọ́, bí mo bá sì gbọ́ pé ó fi ẹjọ́ mi sùn lọ́jọ́ kejì, kì í dá mi lóorun dúró mọ́. Mo ń tẹ́tí sí ohùn tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí nípa obìnrin tó ṣe Nan. Ọdún 1969 ni wọ́n bí i ní àárín Lọ́ńdọ̀nù, ní àdúgbò Bloomsbury. Catherine Ford ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ó dàgbà sí Brunswick Centre, ilé kọnkéré gbàgàdà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin Russell Square. Ìyá rẹ̀ ń ta òdòdó, kò sì mọ bàbá. Àárín àwọn obìnrin ló ti dàgbà. Mo gbà pé inú ilé yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ọmọ tó bá jókòó sáàárín àwọn obìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́ yóò mọ bí ohùn ṣe ń lọ sókè nígbà tí irọ́ bá fẹ́ wọ ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí Nan fi jẹ́ ènìyàn. Bí ó ṣe ń bú àwọn èèyàn tó, bí Jamie bá dìde pé òun ń lọ, o máa rí i lójú rẹ̀ pé kò fẹ́ kí ó lọ. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tí mò ń rí ní ẹnu ọ̀nà mẹ́fà tàbí méje lójoojúmọ́ ni, nígbà tí ìṣẹ́jú 30 bá pé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé-ẹ̀kọ́ eré ìtàgé Central School of Speech and Drama kọ̀ ọ́. Ìgbà kẹrin ni wọ́n tó gbà á. Ọdún tí mo kà á nínú ìwé ìròyìn ni ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan kọ èmi náà fún ìgbà kejì. Mo gé ìwé ìròyìn yẹn, mo fi lẹ ara ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì mi.

Ó ti pé ẹni ọdún 34 nígbà tí BBC gbé eré tirẹ̀ jáde ní ọdún 2004. Ẹ wo ohun tó ń ṣe nínú rẹ̀: òun náà ni Nan arúgbó, òun náà ni Lauren, ọmọ ọdún 15 tí kò bẹ̀rù tíṣà kankan. "Am I bovvered?" ni Lauren máa ń wí: ṣé ó kàn mí ni? "Bothered" ló di "bovvered" lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gba ìlú kan. Ó wí i níwájú Ọbabìnrin Elizabeth ní ọdún 2005. Ní ọdún 2006 àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford mú "bovvered" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ọdún náà. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2007, nínú ètò ìkówójọ Comic Relief, Tony Blair tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún Lauren. Èmi tí mo ti ń ṣe àtúnṣe "tirí" àti "bùrọ̀dá" lẹ́nu àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Ìbàdàn, mo wá rí i pé ahọ́n àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fúnra wọn kò gba ìró "th" yẹn. Àwa fi "t" tàbí "d" rọ́pò rẹ̀, àwọn fi "f" tàbí "v". N kò tún tijú ahọ́n mi mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ràn o. Ó ní nọ́ọ̀sì ará Ireland kan nínú eré náà tí n kò lè wò dópin. Nan àti Lauren, ilé rẹ̀ ni wọ́n ti wá, ó mọ ibi tó ń dùn wọ́n. Àmọ́ tí a bá fi ohùn àlejò ṣe àwàdà, àlejò tó jókòó ń wò ó kò lè rẹ́rìn-ín bíi ti onílé.

Bàbá mi fẹ́ràn Bàbá Sàlá púpọ̀, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, pẹ̀lú awò ńlá rẹ̀. Títí Ọláìyá fi kú ní ọdún 2018, Bàbá Sàlá ni gbogbo ayé ń pè é, ní ọjà àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí òṣèré bá ṣe ẹnì kan dáadáa, ẹni náà á bá a délé, á sì bá a gbé. Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa Catherine Tate ni pé ó lè bọ́ Nan sílẹ̀ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù. Ìgbà tó ṣe Donna ni mo mọ̀ ọ́n.

Donna Noble nínú Doctor Who, eré BBC nípa ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Doctor, tó ń rin ìrìn àjò nínú àkókò, tí Donna sì ń bá a rìn: ọmọ Chiswick, tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì èyíkéyìí tí àjẹ́ńsì bá rán an sí. Òṣìṣẹ́ àjẹ́ńsì bíi tèmi. Ó kọ́kọ́ yọjú fìrí ní oṣù keje ọdún 2006, ó ṣe odindi ìtàn kan ní Kérésìmesì ọdún yẹn, ó sì padà wá fún odindi sáà kan ní ọdún 2008. Nígbà yẹn, ìrọ̀lẹ́ Sátidé ti di ti èmi àti ìyá àgbà. Mo máa ń padà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, láìgbowó, kí a jọ wò ó. N kò lè fi orúkọ pè é bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe. "Màámi" ni mò ń pè é. Ó kọ́kọ́ ní òun kò bí mi. Nígbà tó yá, bí mo bá gbàgbé tí mo pè é ní nǹkan mìíràn, á béèrè ibi tí Màámi lọ.

Ọkàn rẹ̀ ti ń ṣáko nígbà yẹn. Nílé, a ó ní ó ń ṣarán. Níbí, dementia ni wọ́n kọ sínú fáìlì rẹ̀. Oṣù keje ọdún 2008 ni sáà Donna parí. Ìmọ̀ Doctor ti wọ inú orí rẹ̀, orí ọmọ ènìyàn kò sì lè gbé e. Doctor ní láti nu gbogbo ohun tí wọ́n jọ ṣe kúrò níbẹ̀, nítorí bí ó bá rántí, yóò kú. Donna ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó má ṣe é. Obìnrin tí mo mọ̀ sí aláwàdà ló ń bẹ̀bẹ̀ yẹn, mo sì rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ bí mo ṣe ń rí i lójú Màámi ní alẹ́, nígbà tí kò bá mọ inú ilé tó wà. Wilf, bàbá àgbà Donna, tí Bernard Cribbins ṣe, dúró, òjò sì ń rọ̀. Màámi dì mí lọ́wọ́ mú. Kò wí nǹkan kan.

Orúkọ mi ni ó kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé oògùn wá, "Am I bovvered?" ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú ohùn Lauren gan-an, á sì gbé e mì. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2011.

Nínú ẹ̀rùn ọdún yẹn, Catherine Tate àti David Tennant, tó ṣe Doctor yẹn, ń ṣe Much Ado About Nothing ti Shakespeare ní Wyndham's Theatre. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì kan, ibi tó ga jù, tó sì pọ́ọ́kú jù. Níbi tí Beatrice, ẹni tí Tate ṣe, ti ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀, okùn gbé Catherine Tate sókè, ó ń mì lójú ọ̀run, gbogbo ilé ń pariwo ẹ̀rín. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ ni mo gbọ́.

Mo ti di nọ́ọ̀sì báyìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Donna padà dé, ó sì rántí. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 10, jókòó tì mí, ó rí i pé mò ń sunkún. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé?" Mo sọ ti Màámi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n fi bí ó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ hàn òun. Mo dìde, mo fi ọwọ́ nà sí ilé ìdáná, mo sì fi ohùn Bermondsey wí gbogbo ohun tí n kò gbọ́ lọ́jọ́ kẹta yẹn, ohun tó padà ń wí fún mi lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rin: kí n bọ́ bàtà mi, kí n gbé omi kaná, kí n jẹ́ kí ewé tíì rọ dáadáa, kí n má sì jẹ́ kí òun rí mílíìkì nínú ife kí omi gbígbóná tó débẹ̀.