Lẹ́tà "h" kan péré ló dá pẹ́ńṣọ̀n bàbá mi dúró

Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣe sójà, ẹ jókòó. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni owó bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wọlé lẹ́yìn oṣù méje, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí, tí ọ̀rọ̀ mi bá ń yípo ẹ má bínú, ẹ ṣáà kà á dópin.

Ọdún 1967 ni bàbá mi wọ sójà, nígbà tí ogun Biafra bẹ̀rẹ̀. Ọmọ oko ni, kò kàwé púpọ̀. Ẹni tó ń kọ orúkọ bi í pé kí ló ń jẹ́, ó dárúkọ àbísọ ẹ̀, wọ́n ní ará ibo, ó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ìlú ṣe di sọ́nèèmù nìyẹn. Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ irú ẹ̀ rí, àwọn tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn ní bárékè láyé ìgbà yẹn ò kéré. Ọjọ́ orí ńkọ́? Bàbá ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí òun, ọkùnrin yẹn wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó kọ 1947. Abẹ́ Third Marine Commando ti Benjamin Adékúnlé ni wọ́n kó wọn sí, ọmọ ilé wa náà ni (ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ẹ mọ̀ ọ́n), ìbọn bà á lójúgun, ó yè é. Ó fẹ̀yìntì ní 1989, owó ń wọlé, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kankan.

Àfìgbà tí BVN dé, tí NIN tún dé. Sọ́nèèmù ìdílé wa ni bánkì ń lò. Àbúrò mi ló mú bàbá lọ ṣe NIN, wọ́n bi í pé ọdún wo ni wọ́n bí bàbá, ó ní "ẹ kọ 1950", ó kàn ń méfò ni. Ẹnì kan, orúkọ méjì, ọjọ́ ìbí méjì.

Nígbà tí àwọn tó ń san pẹ́ńṣọ̀n sójà wá ní kí bàbá wá ṣe fẹ̀rífíkéṣọ̀n torí orúkọ ò bára mu, èmi ọ̀mọ̀wé ní kò le, mo sáré lọ sí kọ́ọ̀tù, mo ní kí bàbá búra pé ẹni tó ń jẹ́ Ogbomoso nínú ìwé sójà àti ẹni tó ń jẹ́ sọ́nèèmù wa, ẹnì kan náà ni. O-g-b-o-m-o-s-o, bó ṣe wà lára bọ́ọ̀dù LAUTECH, yunifásítì ìlú wa. Mi ò wo ìwé dischaaji bàbá, èyí tí wọ́n fún un nígbà tó kúrò ní sójà. Inú àpótí ìyá mi ló wà lábẹ́ aṣọ òkè, kọ́kọ́rọ́ àpótí ti sọnù tipẹ́, mo ní kí la tún ń wá kiri, ṣé mi ò mọ orúkọ ìlú mi kọ ni?

Ìbàdàn ni wọ́n pè wá sí. Aago mẹ́rin ìdájí la kúrò nílé, ẹ mọ bí ọ̀nà Ọ̀yọ́ ṣe rí, mi ò ní fi ìyẹn dá yín lágara. Àwọn bàbá arúgbó kún ibẹ̀, àwọn kan nínú kẹ̀kẹ́ arọ, àwọn opó tó gbé fọ́tò ọkọ dání, àga ò tó, oòrùn mú. Aago méjì ọ̀sán kọjá kó tó kàn wá. Ọmọ kan ló wà nídìí kọ̀ǹpútà, kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó wo ìwé ìbúra, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wo ìwé. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó wà níbí kì í ṣe ẹ̀yin."

Bàbá rò pé etí òun ni. Ó ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Ni bàbá bá dìde, ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn o, ó dúró ṣanṣan bíi ti bárékè, ó ka nọ́mbà sójà ẹ̀ láti 67NA dé ìparí láìkọsẹ̀. Orúkọ àwa ọmọ ló máa ń ṣì pè, kì í ṣi nọ́mbà yẹn. Ọmọ náà ní nọ́mbà bára mu o, orúkọ ni kò bára mu, h wà nínú tàwọn, kò sí h nínú ìbúra, tí bánkì tún yàtọ̀, tẹ́lẹ̀ orúkọ méjì ló wà, ó ti di mẹ́ta báyìí, ọjọ́ ìbí tún jẹ́ méjì, ta ni káwọn sanwó fún? Bàbá ká ẹsẹ̀ sòkòtò kan sókè, ó na ojúgun sí i níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ta ni ìbọn yìí bà? Òkú ni?" Ọmọ náà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, kọ̀ǹpútà ò mọ àpá."

Mo rí bàbá mi lọ́jọ́ tí ìyá ẹ̀ kú, kò rí báyẹn. Ó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, kò rántí tú sòkòtò náà sílẹ̀, ẹsẹ̀ kan gùn, èkejì kúrú. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Ìlọrà. Ó wá ní, "Adékúnlé mọ̀ mí." Ó tán. Èmi tí mo fi h sílẹ̀ ni mo ń wakọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi òòlù já àpótí ìyá mi. Ogbomosho ló wà nínú ìwé náà, h jókòó sáàárín bí ọba.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ká sòótọ́ òun náà ni ìkẹyìn: ẹ wo ìwé dischaaji kẹ́ẹ tó búra ohunkóhun. Ẹ má bi bàbá, ẹ má fi orí sọ ọ́, ẹ ka lẹ́tà ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ jẹ́léósinmi. Tí wọ́n bá kọ ọ́ ní wọ́gọwọ̀gọ, bó ṣe rí ní wọ́gọwọ̀gọ yẹn ni kẹ́ẹ dà á kọ sínú ìbúra, kẹ́ẹ tó wá kọ èyí tó tọ́ tẹ̀lé e, pẹ̀lú nọ́mbà sójà. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo kàwé tán mi ò mọ h, ẹnu yín ò ní gba ju tèmi lọ, mo ti bú ara mi tó.

Ọjọ́ ìbí: èyí tó kọ lọ́jọ́ tó wọṣẹ́ ni wọ́n ń lò, ẹ má lọ bá wọn jà lórí ìyẹn nítorí NIN tí àbúrò yín méfò sí. NIN la lọ tún ṣe, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ orí láti National Population Commission. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí wọ́n ju ti orúkọ lọ dáadáa, ẹ múra ẹ̀. Lẹ́yìn NIN la tó lọ tún BVN ṣe ní bánkì.

Ẹ wo next of kin náà, ẹni tí wọ́n máa kàn sí tí bàbá bá kú. Orúkọ bàbá bàbá mi ló ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó kú ní 1981! Tí bàbá bá lọ kú báyẹn, ìyá mi ò bá tún lọ jókòó sínú oòrùn yẹn. Inú ìwé dischaaji náà lẹ ó ti rí i, ẹ rí i pé ibì kan náà la tún padà sí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ṣe sójà ní Amẹ́ríkà ní tàwọn náà ní wàhálà, DD 214 ni wọ́n ń pe ìwé dischaaji wọn, tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀ fọ́ọ̀mù DD 149 ni wọ́n ń kọ, wọ́n fún un ní ọdún 3 láti ọjọ́ tó bá ti rí àṣìṣe náà, DD 215 ni wọ́n sì fi ń tún un ṣe. Ó ní ṣùgbọ́n òun ò dúró sínú oòrùn. Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Bó ṣe yanjú ò gùn. Ìbúra tuntun, ìkéde nínú ìwé ìròyìn, bàbá kan nínú Legion, ẹgbẹ́ àwọn sójà àtijọ́, bá wa kọ lẹ́tà, a fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́, a ń pè wọ́n, a ń dúró, àláàtì dé.

Àwọn tó ń bi mí iye tí mo san fún ejẹ́ǹtì, mi ò lo ejẹ́ǹtì, ẹ má sì fi nọ́mbà bàbá yín ránṣẹ́ sí mi, mi ò lè rí nǹkan kan níbẹ̀. Ìwé dischaaji bàbá mi ti wà nínú náílọ́nù báyìí, wọ́n ra àgádágodo tuntun sí àpótí, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lára okùn sòkòtò bàbá. Lánàá mo ní kí n yà á ní fọ́tò, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ fọwọ́.